Bí Mo Ṣe Ṣọdẹ Nínú Orí Ìbídùn

Ẹ sún àga yín mọ́ mi. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, kí ó bọ́ sí iwájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi, kò sì ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní ìlú òkèèrè. Èmi Ọdẹ́jìmí ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ara mi ni mo fi rìn ín.

Ẹ sì mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ẹ̀kẹrin fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síwájú mi, tí ó dùbúlẹ̀, pé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú.

"Bàbá Ọdẹ, ẹfọ̀n méjì lẹ sọ lọ́dún tó kọjá." Sùbérù bíríkìlà nìyẹn. Ẹ kò lè sọ ìtàn ní àdúgbò yìí kí Sùbérù má fi ìwọ̀n bíríkìlà rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Sùbérù, lọ́dún tó kọjá, ẹ̀kẹta ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ó dára. Ìyàwó mi Ìbídùn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ogójì ọdún ni a ti jọ ń gbé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí mo bá yìnbọn nínú igbó tí ó wà lẹ́yìn odò, inú ilé ni yóò wà tí yóò ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ọta bá wọ ẹran, yóò gbé omi kaná. Bí ọta bá tàsé, yóò po gàárì sílẹ̀ dè mí. Kò ṣì í rí. Àwọn ọdẹ mìíràn máa ń wá bi í léèrè bóyá ọkọ tiwọn náà pa ẹran, mo fẹ́ sọ pé àwọn ìyàwó wọn ni, yóò sì sọ fún wọn.

Nígbà tí àìsàn náà dé, òórùn ni ó kọ́kọ́ mú lọ. Ọbẹ̀ jóná mọ́ ọn nídìí, kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, mo yìnbọn lọ́jọ́ kan, mo gbé ìgalà dé, mo sì bá a lábẹ́ ibùsùn níbi tí ó sá sí, ó di etí méjèèjì, ó ń sunkún pé ogun ti dé. Nígbà tí ó yá, mo wọlé, ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ni… ẹ̀yin ni…" Ó wá mi kiri nínú orí ara rẹ̀, mo dúró síwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tí wọn kò tíì pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó rí i. Ó ní, "Ọdẹ mi ni." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wá mi tí kò ní rí mi. Mo pinnu pé n ó lọ pa ọjọ́ náà kí ó tó dé.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú ńlá. Obìnrin kékeré kan tí ó wọ awò ojú ni dókítà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ilé kéékèèké tí ó wà nínú orí èèyàn kan pọ̀ ju gbogbo ilé tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá lọ. Àwọn ilé náà máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ara wọn nínú àpò wínníwínní tí ojú kò lè rí. Oúnjẹ wà nínú òmíràn, ìròyìn wà nínú òmíràn. Ṣùgbọ́n nínú irú àìsàn yìí, a rò pé àwọn àpò náà wà lára ohun tí ń gbé ìbàjẹ́ láti ilé kan dé èkejì. A kò tíì mọ bí a ó ṣe dá a dúró."

Mo ní, "Dókítà, ṣé ó ń rìn?"

Ó ní, "Ó ń rìn, bàbá."

"Ṣé ó ní ọ̀nà tí ó máa ń gbà?"

"A rò bẹ́ẹ̀."

Mo dìde. Ó ní, "Bàbá, níbo lẹ ń lọ?" Mo ní, "Mò ń lọ mú ìbọn mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìbídùn sùn sórí ẹní. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo fi ọ̀bẹ sí ìbàdí, mo gbé ìkòkò iná kékeré mi dání, mo dùbúlẹ̀ ti orí rẹ̀, mo sì bá ihò etí rẹ̀ wọlé.

"Ihò etí kẹ̀?"

Sùbérù, níbo lo fẹ́ kí n gbà? Ṣé fèrèsé ni?

Ibi tí mo bọ́ sí ni wọ́n ń pè ní Igbó Agbárí. Funfun ni igi inú rẹ̀, ẹ̀ka wọn sì nà sí ara wọn bí ọwọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ bọ ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi ara kan ara. Mànàmáná kéékèèké ni ó ń fò láti orí ẹ̀ka kan sí òmíràn. Mo dá ẹsẹ̀ dúró díẹ̀. Iwin kan tí ń jẹ́ Ariwo sì yọ sí mi láti ẹ̀yìn igi. Iwin náà kò ní ojú, kò ní imú. Ẹnu ni gbogbo ara rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú gbogbo ohun tí Ìbídùn ti fi etí gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ó ní, "Ọkọ Ìbídùn, káàbọ̀. Bí o bá lè gbọ́ tìrẹ tán láìṣubú, máa kọjá."

Mo rò pé ìró ìbọn mi ni yóò mú wá. Rárá o. Gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí mo ti sọ sí Ìbídùn láti ogójì ọdún ni ó tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí mo pè é ní aláìmoore. Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn àna mi. Ọjọ́ tí ó bímọ òkú tí mo bi í léèrè ohun tí ó jẹ. Èmi ti gbàgbé wọn. Etí mi méjèèjì ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì di igi mú kí n má baà ṣubú.

Màmá Rísì, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń kùn sínú yẹn.

"Mo ní ó tọ́ sí yín."

Ó tọ́ sí mi. N kò ṣubú ṣáá. Mo kọjá, mo sì dé odò pupa kan tí ó yí ìlú kan ká. Ìlú náà ni wọ́n ń pè ní Ìlú Ìrántí. Kò ní ògiri. Àwọn oníbodè ni ògiri rẹ̀. Wọ́n dúró yí i ká, wọ́n fi apá kọ́ apá, wọ́n fi èjìká ti èjìká pinpin tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin kò lè rí ibi kọjá. Dìmọ́ra ni orúkọ olórí wọn.

Ó ní, "Ta ni ọ́?"

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́jìmí, ọkọ ẹni tí ó ni ìlú."

Ó ní, "Ọkọ kì í wọ ibí. Bí o bá jẹ́ ọba, o kò ní wọ ibí. Oògùn tí àwọn dókítà ń fi ránṣẹ́ wá, ẹgba la fi ń lé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn padà. Ṣùgbọ́n n ó bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Kí ni ó ń gba abẹ́ apá wa kọjá lójoojúmọ́, tí a ń rí i, tí a kì í bi í pé níbo ló ń lọ? Bí o bá mọ̀ ọ́n, a ó yà fún ọ. Bí o bá ṣì í, èékánná kan."

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ni." Wọ́n fa èékánná àtàǹpàkò mi yọ. Mo ní, "Omi ni." Wọ́n fa èkejì yọ. Mo ní, "Òjìji ni." Ẹ wo ọwọ́ mi. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò hù mọ́.

Ìgbà náà ni mo wá rántí pé ọdẹ ni mí. Mo jókòó, mo pa ẹnu mọ́, mo ń wò wọ́n. Nígbà tí ó ṣe, nǹkan róbótó kan bí ìfóòfó ọṣẹ yí gbirigbiri wá lórí omi, ó dé ọ̀dọ̀ Dìmọ́ra. Dìmọ́ra tẹrí ba fún un, ó gbé apá sókè díẹ̀, nǹkan náà sì kọjá.

Mo ní, "Ẹrù tí a dì ni."

Dìmọ́ra ní, "O gbà á."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kì í tú u wò?"

Ojú tì í fún mi. Ó ní, "Awọ ara ẹni tí ó rán an ni ó fi dì í. Bí a bá tú u, a ti tú onítọ̀hún sí ìhòòhò lójú ọ̀nà. Wọlé, a ti ṣe ìlérí. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò dì kì í wọ ibí. Ta ni ó rán ọ?"

"Èmi ni mo rán ara mi."

"Awọ ara rẹ ni wàá fi dì, nígbà náà."

Ẹ má fi ojú sá. Mo yọ ọ̀bẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí mi tí mo ń bó ẹran mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́, n kì í já awọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, mo sì bó o dé ìbàdí. Nígbà tí ọ̀bẹ kò dé àárín ẹ̀yìn mọ́, Dìmọ́ra fi eyín rẹ̀ bá mi fà á. Mo ká ara mi kò bí ọmọ inú oyún, mo fi awọ náà bo ara mi, èmi pẹ̀lú ìbọn àti ìkòkò iná, mo sì yí gbirigbiri gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé. Àpá náà nìyí. Sùbérù, wá fọwọ́ kàn án.

Ìlú náà lẹ́wà. Ilé rẹ̀ kò níye, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ohun kan ṣoṣo tí ó ń tọ́jú. Ilé kan wà tí kò mọ nǹkan mìíràn ju bí a ṣe ń di gèlè. Òmíràn wà tí ohùn ìyá Ìbídùn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ará ilé kan á gé díẹ̀ lára ògiri ilé rẹ̀, ògiri tí ó rọ̀ bí awọ, á fi di ẹrù kékeré, á sì fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Aládùúgbò á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á fi tẹ ògiri tirẹ̀, ògiri náà á sì gbé e mì. Ẹnikẹ́ni kì í tú u. Ẹnikẹ́ni kì í dá a padà. Inú mi dùn sí èyí gan-an, nítorí bí àwa ọdẹ náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo bá fi itan ẹran ránṣẹ́ sí àna mi, ta ni yóò tú ewé rẹ̀ wò lójú ẹni tí mo rán?

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rìn lọ, mo dé àdúgbò tí ilé rẹ̀ ti wó. Láàárín àlàpà náà ni mo ti bá olórí àwọn agbálẹ̀ ìlú, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ajẹkù, tí ikùn rẹ̀ ti wọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹnu ni àwọn agbálẹ̀ ìlú náà fi ń gbálẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n bá rí, wọn á jẹ ẹ́.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni ó wó ilé wọ̀nyí?"

Ó ní, "Alọ́pọ̀ ni." Ó ki ìka sí ẹ̀yìn eyín, ó sì fa nǹkan kan jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí n rí i. Ẹ̀dá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó lọ́ bí okùn tí a fún omi rẹ̀. Ó ní ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó sọ fún mi pé, "Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n dì mọ́ yín."

Mo fò sẹ́yìn. Ajẹkù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kì í bínú. Kò mọ ìbínú. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ wà tí wọ́n ń dúró gbọnrangandan láti fi orí gbé àjà. Ọ̀kan nínú wọn ni Alọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣubú lọ́jọ́ kan, ó lọ́, kò lè dìde mọ́. Bí ó bá ti dì mọ́ òṣìṣẹ́ tí ó dúró, onítọ̀hún náà á lọ́. Àwọn méjì á dì mọ́ ẹ̀kẹta. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti dì mọ́ra tán, ta ni yóò gbé àjà?"

"Kí ló dé tí ẹ kò jẹ wọ́n tán?"

"À ń jẹ wọ́n. Wọn kì í dà nínú. Bí ikùn bá kún, a ó fi awọ wa dì wọ́n, a ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí aládùúgbò."

"Ẹ ń fi wọ́n RÁNṢẸ́?"

"Kí ni kí á ṣe? Ṣé kí á bẹ́ ni? Àwọn onílé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní kòtò ìdọ̀tí ní ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń lọ ìdọ̀tí kúnná. Bí kòtò bá kún tí kò lè lọ mọ́, wọn á di ẹrù."

"Aládùúgbò á sì gbà á?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé kí ó dá a padà ni? Ta ló tọ́ ọ dàgbà?"

Mo ní kí á dá gbogbo ẹrù dúró, nígbà náà. Ó ní tí mo bá dá gbogbo rẹ̀ dúró, ìlú á kú lọ́la, nítorí nínú irú ẹrù kan náà ni oúnjẹ wà, nínú rẹ̀ náà ni ohun tí wọ́n fi ń tún ògiri ṣe wà. Awọ kan náà, títóbi kan náà. Bí a kò bá tú u, a kò lè mọ̀. Bí a bá sì tú u, Alọ́pọ̀ ti jáde.

Mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo ti rí ojútùú rẹ̀, n kò sì rò pé ẹlòmíràn lè rí i ní ilẹ̀ yìí. N kò ní wo ẹrù. Kòtò ẹni tí ó rán an ni n ó wò. Bí kòtò bá mọ́, oúnjẹ ni ó rán. Bí kòtò bá kún, Alọ́pọ̀ ni.

Ajẹkù wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ọlọ́gbọ́n ni ọ́. Ilé wo lo fẹ́ gbà là?"

Mo ní, "Ilé tí mo wà nínú rẹ̀."

Ó nawọ́ sí òpin òpópó. Ó ní, "Ilé Ọkọ nìyẹn. Gbogbo ohun tí Ìbídùn mọ̀ nípa rẹ, ibẹ̀ ló wà. Kò tíì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ilé méje péré ni ó wà láàárín òun àti àlàpà yìí."

Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí iná bá ń jó bọ̀ láti òkèèrè, àwa ọdẹ kì í dúró dè é. A ó sun koríko tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó dé kí ó bá ilẹ̀ òfìfo. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo gbé ìkòkò iná mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo kòtò.

Ilé kìíní ni Ilé Orin. Kòtò rẹ̀ kún dé ẹnu. Àwọn ará ilé náà jáde, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n fẹ́ fún mi ní ẹrù. Mo tì wọ́n padà sínú ilé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, mo sì ti iná bọ̀ ọ́. Wọn kò pariwo. Orin ni wọ́n ń kọ títí àjà fi já lé wọn lórí. Mo gbọ́ ohùn Ìbídùn fúnra rẹ̀ láti òkè, láti ibi tí ó sùn sí. Ó ń kọ orin náà lójú oorun, ó dé ìdajì, ó sì gé.

Mo lọ sí èkejì. Ilé Ọ̀nà Odò ni. Ó kún. Mo sun ún. Mo sun Ilé Orúkọ Ewé. Mo sun ilé tí wọ́n tọ́jú ìró ìbọn mi sí, tí Ìbídùn fi ń mọ̀ bóyá kí òun gbé omi kaná. Nínú ilé karùn-ún, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti kú ni wọ́n jókòó, tí wọ́n ń jẹ ìpékeré. Èyí àgbà nínú wọn mọ̀ mí. Ó ní, "Ọkọ wa, ẹ wá jẹun." Mo sun wọ́n. Ẹ̀kẹfà ni ilé tí ó mọ bí a ṣe ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́. Mo dúró níwájú ilé yẹn díẹ̀, nítorí mo mọ ìtìjú tí mo ń dá sílẹ̀ fún un. Mo sun ún.

Màmá Rísì, ẹ jẹ́ kí n parí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé mi ṣépè, ẹ ṣe é nígbà tí mo bá parí.

Ó ku ilé kan. Èkeje yìí ni ó fi ara ti Ilé Ọkọ. Ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Ìyá Olóòórùn ni ó ń gbé ibẹ̀, òun ni ó ń tọ́jú gbogbo òórùn tí Ìbídùn ti gbọ́ rí. Ìdajì ilé rẹ̀ ti wó. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a tí ó jókòó lórí ẹní.

Kí n tó lanu, ó gbé imú sókè. Ó ní, "Ẹ̀tù ìbọn. Òógùn. Ọṣẹ dúdú tí kò ṣan tán. Ọkọ Ìbídùn ni!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, gbogbo òórùn ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ata ti lọ, òjò ti lọ. Tìrẹ nìkan ni n kò jẹ́ kí ó lọ. Mo jókòó tì í."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ìbọn lẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Yèyé. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kòtò ìdọ̀tí yín wà?"

"Ibi tí kòtò máa ń wà náà ni."

"Ṣé… ṣé kò kún?"

Ó wò mí. "Ọ̀nà jíjìn lo ti wá, ọmọ mi. Ṣé ìdọ̀tí mi lo wá kà?"

Mo wo ẹní tí ó jókòó lé. Mo mọ̀ pé orí kòtò náà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ohun tí ó kù kò ju kí n sọ pé, "Ẹ dìde díẹ̀, Yèyé." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni. Èmi tí mo ti sun ilé mẹ́fà, èmi tí mo bó ara mi láàyè, n kò lè sọ fún ìyá arúgbó pé kí ó dìde níbi tí ó jókòó sí kí n lè yọjú wo ìdọ̀tí rẹ̀. Mo dé ìkòkò iná mi padà.

Bí mo ti fẹ́ máa lọ, ó pè mí. Ó gé díẹ̀ lára ògiri rẹ̀ tí ó kù, ó di nǹkan kan tí kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Ó ní, "Bí o bá ń kọjá níwájú Ilé Ọkọ, bá mi fi èyí fún ọmọ tí ó ń gbé ibẹ̀. Ó ti pẹ́ tí n kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i."

"Bàbá, ẹ kò gbà á!"

Mo kúnlẹ̀, Sùbérù. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Ẹ má rò pé n kò rò ó. Lójú ọ̀nà, mo gbé e sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, mo fi etí tì í. Mo ní kí n jù ú nù. Mo tún ní, bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ń kọ́? Èmi ni mo sun gbogbo aládùúgbò tí ń bọ́ ilé náà. Mo yọ ọ̀bẹ láti tú u. Awọ arúgbó náà fẹ́lẹ́, mo sì ń rí iṣan rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ ká aṣọ ìyá mi sókè ní gbangba. N kò tú u.

Ọmọbìnrin kan ni ó jáde láti Ilé Ọkọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìbídùn ni! Ìbídùn ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bí mo ṣe kọ́kọ́ rí i ní ojú ọ̀nà oko, nígbà tí mo ru ẹran kọjá lára rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ rọra o! Ẹ̀jẹ̀ ẹran yín ń kán sí mi lẹ́sẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ bá mi sọ láyé nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní, "Ọdẹ yìí, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Kí lẹ mú wá fún mi?"

Mo nawọ́ ẹrù náà sí i. Mo ní, "Ìyá Olóòórùn ní kí n fún yín."

Ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó fi tẹ ògiri. Ògiri gbé e mì.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Ó tilẹ̀ ń bá mi ṣeré, ó ń bi mí bóyá àwọn ọdẹ máa ń wẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí òṣìṣẹ́ kan tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọrùn rẹ̀ yí díẹ̀. Ó yí díẹ̀ sí i. Ó nawọ́, ó sì dì mọ́ èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìbídùn wo ẹ̀yìn, ó wò mí. Ó ní, "Kí ni ẹ gbé fún mi?"

"Ìyá Olóòórùn ló ní…"

"Ṣé ẹ wo inú rẹ̀?"

"N kò wò ó."

Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ bá a gbé e wá." Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Mo yìnbọn lu Alọ́pọ̀. Ó fọ́ sí méje, méjèèje sì dìde, wọ́n wá ẹni dì mọ́. Mo tún yìn, wọ́n di ogójì. Mo ju ìbọn nù, mo fi ọwọ́ lásán ń já wọn kúrò lára àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń sọ fún mi pé, "Ẹ ǹlẹ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí á dì mọ́ yín." Àjà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọbìnrin náà ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà. Ó ń wo ojú mi, ó ń wo ẹnu mi, ó ń wo ìbọn tí mo jù sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni… ẹ̀yin ni…" Ilé wó lé e lórí.

N kò lè sọ ọ̀nà tí mo gbà jáde fún yín. Mo kàn rí i pé mo wà lórí ẹní, tí ọ̀sán kò tíì kọjá.

Ìbídùn jí. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dìde kíákíá bí ẹni tí àlejò ká mọ́ ojú oorun. Ó gbé àga fún mi. Ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ta ni ẹ ń wá?"

Omi náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ìbídùn ni mò ń wá."

Ó wo inú yàrá. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó wo òpópó sí apá ọ̀tún, ó wò ó sí apá òsì. Ó padà wá, àánú mi sì ń ṣe é.

"Ó jáde," ni ó wí. "Ẹ jókòó dè é. Kò ní pẹ́ dé."

Mo jókòó. Ibi tí ẹ bá mi yìí náà ni.